Bí a ṣe ń ṣàpèjúwe ẹwà iṣẹ́ ọnà lédè Yorùbá: ọ̀rọ̀ tó yẹ ère àti àdìrẹ

"Ó rẹwà gan-an." "Ó wuyì." "Ó jojú ní gbèsè." Irú gbólóhùn báyìí ló kún abẹ́ fọ́tò ère tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti ara ògiri ibi tí wọ́n ti ń pàtẹ iṣẹ́ ọnà. Kò sí èyí tó burú nínú wọn, àmọ́ ẹni tó kà wọ́n tán kò tíì mọ nǹkan kan nípa ère náà. Bí ẹ bá fi wọ́n sábẹ́ fọ́tò bàtà, wọ́n á bá a mu bákan náà.

Àwọn agbẹ́gilére àti àwọn tó ń gbéṣẹ́ fún wọn ní ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Robert Farris Thompson, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ìlú nílẹ̀ Yorùbá ní àwọn ọdún 1960 pé kí ló mú kí ère kan dára ju èkejì, wọn ò dá a lóhùn pẹ̀lú "ó wuyì" lásán. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa jíjọra, ìfarahàn, dídán, gígún àti ọ̀dọ́. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ni a ó tò tẹ̀lé ara wọn níbí, pẹ̀lú ọ̀nà tí ẹ lè gbà dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò lára iṣẹ́ tó wà níwájú yín. Ère onígi ló máa gba ibi tó pọ̀ jù, torí òun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kún jù. Àdìrẹ yóò wá lẹ́yìn, ní ṣókí.

Ẹ wá òwú bíi mítà méjì, nǹkan kékeré tó wúwo díẹ̀ tí ẹ máa so mọ́ ìdí rẹ̀ (kọ́kọ́rọ́ tó), téèpù ìwọ̀n, tọ́ọ̀ṣì fóònù, àti ìwé. Fún ère kékeré kan, ẹ ya nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sọ́tọ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ ohun tó wà níbẹ̀, ẹ má tíì yìn ín

Ẹ gbé ère síbi tí ẹ ti lè yí i po. Ẹ wo iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún àti òsì, kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, ohun tí ojú rí nìkan ni kí ẹ kọ: ṣé ó dúró ni, ó jókòó, tàbí ó kúnlẹ̀? Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀? Irun wo ló dì, ṣé ṣùkú ni àbí agògo? Ilà wo ló kọ, ṣé àbàjà ni tàbí pélé? Ṣé ó ní ìlẹ̀kẹ̀ ní ìdí tàbí lọ́rùn, ṣé wọ́n gbẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ náà mọ́ ọn ni àbí wọ́n so ó mọ́ ọn? Ẹ wọn gíga rẹ̀. Ère ìbejì, fún àpẹẹrẹ, sábà máa ń wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30.

Ẹ má dárúkọ igi tí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n dájú. Ìrókò làwọn èèyàn sábà máa ń fi ṣe òpó àti ilẹ̀kùn, ìrè sì wọ́pọ̀ fún ìbejì torí pé ó fúyẹ́, ọ̀bẹ sì máa ń wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí osùn àti epo bá ti bo igi mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwo ojú lásán kò tó láti dá a mọ̀. "Igi fífúyẹ́, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣú" sàn ju orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ. Bó bá sì jẹ́ pé inú gíláàsì ni ère wà, tí ẹ kò rí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí a kò fi tíì fẹ́ ọ̀rọ̀ ìyìn ni pé bí "ó rẹwà" bá ti wọ inú ìwé, ojú kì í fẹ́ wá nǹkan mìíràn mọ́.

Ìgbésẹ̀ 2: Ìdúró àti ìwọ̀n

Ẹ di òwú yín mú kí kọ́kọ́rọ́ fà á sílẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ níwájú àárín orí ère. Ẹ dijú kan, kí ẹ wo ibi tí òwú gbà kọjá: imú, àgbọ̀n, ìdodo, àárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Bí gbogbo wọn bá bọ́ sórí òwú, ère náà gún. Bó bá gún débi pé kò sí ibì kan tó yẹ̀, ó gún régé. Bí orí bá yẹ̀ sí apá kan tí ìyókù sì wà lójú òwú, ẹ sọ ibi tó ti yẹ̀ gan-an, ẹ má kàn kọ pé "kò gún".

Dídọ́gba yàtọ̀ sí gígún, àwọn èèyàn sì máa ń kó méjèèjì pọ̀. Ère dọ́gba nígbà tí apá ọ̀tún rẹ̀ bá ṣe bí ti òsì. Jagunjagun orí ẹṣin tó na ọ̀kọ̀ sókè lọ́wọ́ ọ̀tún, tó fi òsì di ìjánu mú, kò dọ́gba rárá, ó sì lè gún régé. Ẹni tó bá kọ "kò dọ́gba" síbẹ̀ bí ẹni tó rí àbùkù ti ṣi iṣẹ́ náà kà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi téèpù wọn orí láti àgbọ̀n dé òkè irun, kí ẹ fi pín gbogbo gíga ère. Lára àgbàlagbà tó wà láàyè, orí jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú méje. Lára ère Yorùbá, ó sábà máa ń jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Orí ló ru àyànmọ́, òun ni wọ́n sì ń fún ní àyè tó tọ́ sí i. Nítorí náà "orí rẹ̀ tóbi jù" kì í ṣe àpèjúwe, àṣìṣe ni. "Orí rẹ̀ kó ìdá kan nínú mẹ́rin gíga rẹ̀" ni kí ẹ kọ. Kódà ère ọba tí wọ́n fi idẹ rọ, tí wọ́n wú jáde ní Ìta Yemòó ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1957, tí ojú rẹ̀ rí bí ojú èèyàn gidi, orí rẹ̀ súnmọ́ ìwọ̀n yìí.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta mìíràn wúlò fún ìwọ̀n. "Ó bá ara mu" wà fún ẹ̀yà ara kan sí èkejì: ọwọ́ sí apá, ọrùn sí orí. "Ó ṣe rẹ́gí" àti "ó ṣe wẹ́kú" wà fún ohun méjì tó pàdé tí kò sí àlàfo láàárín wọn, bí ọmọrí agéré Ifá (ohun èlò onígi tí babaláwo ń kó ikin sí) tó bo ẹnu rẹ̀ pátápátá. Ẹ má fi rẹ́gí sọ̀rọ̀ nípa imú àti ẹnu, wọn ò wọ inú ara wọn.

Ìgbésẹ̀ 3: Ìrísí, àti ohùn orí ọ̀rọ̀

Ibi tí èdè wa ti lówó nìyí. Fún ohun tó yípo, ẹ ní róbótó. Fún èyí tó gùn tí kò nípọn, tẹ́ẹ́rẹ́. Fún èyí tí orí rẹ̀ mú, ṣóńṣó. Fún èyí tó tẹ́, pẹlẹbẹ. Fún èyí tó gbòòrò tó sì tẹ́ sílẹ̀, gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀.

Ohùn ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Ohùn òkè máa ń fa ọ̀rọ̀ sí kékeré, ohùn ìsàlẹ̀ sì máa ń fà á sí ńlá. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rí róbótó, ìlù gbẹ̀du rí ròbòtò. Ẹni tó bá kọ "roboto" láìfi àmì sí i ti gba ìwọ̀n náà kúrò lọ́wọ́ òǹkàwé, torí náà ẹ má fi àmì ohùn ṣeré nínú irú iṣẹ́ yìí, bí ẹ tilẹ̀ ń gbójú fò ó níbòmíràn.

Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kan tó fún gbólóhùn kan. Méjì tàbí mẹ́ta nínú ìlà kan a máa dà bí ẹni ń kéwì, àwòrán náà á sì pòórá.

Ìgbésẹ̀ 4: Dídán

Ó yẹ kí ẹ mọ ibi tí dídán wà nínú iṣẹ́ agbẹ́gilére. Kevin Carroll, àlùfáà tó ṣètò ilé iṣẹ́ ọnà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní ìparí àwọn ọdún 1940, níbi tí Lamidi Fakeye ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ George Bandele, kọ ìpele mẹ́rin sílẹ̀ tí igi ń gbà di ère. Ọnà lílé ló ṣáájú, níbi tí wọ́n ti ń fi àáké ya ibi tí orí, ara àti ẹsẹ̀ máa wà. Alétúnlé tẹ̀lé e, tí wọ́n ti ń pín àwọn ibi ńlá yẹn sí kéékèèké: etí, ojú, ìka. Ẹ̀kẹta ni dídán, ìyẹn bíbó ojú igi kó lè jọ̀lọ̀. Fífín ló gbẹ̀yìn, níbi tí ọ̀bẹ mímú ti ń fa ìlà irun, ìpénpéjú àti ilà ojú.

Nítorí náà, dídán kì í ṣe kíkun fáníìṣì. Láti dá a mọ̀, ẹ pa iná yàrá, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rá kọjá lójú igi, kó má ṣe kọjú sí i. Lára ère tó dán, òjìji á rọra kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọ àgbọ̀n láìfọ́. Lára èyí tí kò dán, ẹ ó rí òkè àti kòtò tín-ín-tìn-tín káàkiri: ṣákiṣàki ni ìyẹn. Bí ojú ọ̀bẹ bá hàn, àmọ́ tó jẹ́ pé ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn, tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, agbẹ́gilére ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ pé "ojú ọ̀bẹ hàn létòlétò lára rẹ̀".

Ohun méjì ló máa ń tan èèyàn jẹ níbí. Èkíní ni ère ọjà tí wọ́n kùn ní fáníìṣì. Ó ń kọ mànà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí tọ́ọ̀ṣì bá rá lórí rẹ̀, ṣákiṣàki ni abẹ́ fáníìṣì. "Ó ń kọ mànà" àti "ó dán" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan. Èkejì ni ìbejì àtijọ́. Ìyá ìbejì ti wẹ̀ ẹ́, ó ti fún un lóúnjẹ, ó ti fi osùn pa á lára fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí imú àti ẹnu fi jẹ tí ojú sì jọ̀lọ̀. Ọwọ́ ìyá ló dán ìyẹn, kì í ṣe ọ̀bẹ agbẹ́gilére. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "ojú rẹ̀ ti jọ̀lọ̀ nítorí ìtọ́jú". Ó tún jẹ́ ìròyìn tó ṣe pàtàkì fún ẹni tó fẹ́ mọ bóyá wọ́n lo ère náà rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọlọ́jà kan mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ ṣe irú jíjẹ bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Fífín àti ìfarahàn

Ẹ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère, kí ẹ dúró ní bíi mítà mẹ́ta sí i. Kí lẹ ṣì ń rí? Bí ojú, ẹnu, irun àti ilà bá ṣì yàtọ̀ síra, ìfarahàn rẹ̀ dára, ẹ lè ní ó hàn kedere tàbí ó hàn ketekete. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti pa pọ̀, bàìbàì ló ń hàn. Ìdí tó wọ́pọ̀ jù ni pé wọn ò ṣe alétúnlé dé ibi tó yẹ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí fín in. Ìlà ojú wà níbẹ̀, àmọ́ ẹyinjú kò yọ síta.

Ẹ wá padà súnmọ́ ọn. Ẹ fi ìka kan lé irun ère, kí ẹ ka ìlà tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì kà á níbi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí iye rẹ̀ bá súnmọ́ra, fífín rẹ̀ wà létòlétò. Bó bá jẹ́ mẹ́rin níhìn-ín, méje lọ́hùn-ún, tí àwọn kan sì gorí ara wọn, ó rí wúruwùru. Rúdurùdu burú ju ìyẹn lọ: ìyẹn nígbà tí ẹ kò lè sọ ibi tí irun parí sí tí iwájú orí bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má gbàgbé ibi tí wọn ò fín. Agbẹ́gilére tó mọṣẹ́ máa ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí ikùn sílẹ̀ gbàlàjà kí irun tí wọ́n fín lè hàn.

Ìgbésẹ̀ 6: Jíjọra àti ọ̀dọ́

Nínú ère gbígbẹ́, ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu àwọn àgbà ni pé kó jọ, kó má jọ jù. Ó gbọ́dọ̀ jọ èèyàn, kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹnì kan báyìí. Bí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́, ẹ tọ́ka sí ibi tó ti jọ (ilà, irun, aṣọ) àti ibi tí kò ti jọ (orí tó kó ìdá kan nínú mẹ́rin, ojú tó yọ síta). Kì í ṣe òfin tó ká gbogbo iṣẹ́ Yorùbá o. Àwọn orí idẹ tí wọ́n rí ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ lọ́dún 1938 jọ èèyàn débi pé ẹ lè rò pé wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ọ̀dọ́ ni èyí tí àwọn àlejò máa ń ṣì mú jù. Ìbejì tó kú ní ìkókó, wọn kì í gbẹ́ ẹ bí ìkókó. Wọ́n máa ń gbẹ́ ẹ bí ẹni tó wà ní àbọ̀ ọjọ́ ayé rẹ̀: ọmú tó yọ, ara tó le, ilà tó pé. Arúgbó náà, wọn kì í gbẹ́ ẹ pẹ̀lú ara híhunjọ. Ẹ kọ "ara rẹ̀ wà ní ọ̀dọ́", kí ẹ sì sọ ohun tó fi hàn. Ẹni tó bá kọ "ère ọmọ kékeré" lábẹ́ ìbejì ti parọ́ mọ́ ère náà.

Ìgbésẹ̀ 7: Àwọ̀

Ẹ ya fọ́tò lábẹ́ òjìji lọ́sàn-án, ẹ má lo iná fóònù, torí ó máa ń sọ osùn di ọsàn. Lórí ère, osùn ló ń pa ara láró pupa, ẹfun ni funfun, wájì sì ni àwọ̀ aró tó sábà máa ń wà lórí irun. Ẹ dárúkọ ohun tí wọ́n fi kùn ún bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ó sàn ju orúkọ àwọ̀ lásán.

Dúdú àti pupa wa gbòòrò. Aró tó ki ń jẹ́ dúdú, ohun tó pọ́n díẹ̀ bí pupa inú ẹyin náà ń jẹ́ pupa. Torí náà ẹ fi ọ̀rọ̀ kún un: pupa rúsúrúsú, pupa fòò, dúdú kirikiri, funfun báláú, àyìnrìn fún aró tí kò ki. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kì í ṣí kúrò nídìí àwọ̀ wọn. Kò sí "funfun fòò".

Ìgbésẹ̀ 8: Ọ̀rọ̀ ìwà

Ìtutù, ìfarabalẹ̀, ojú-inú, ojú-ọnà. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí dùn lẹ́nu, ìdí sì nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń da wọ́n síbi gbogbo. Ìlànà wa ni pé kí ẹ má kọ ọ̀kankan láìfi ẹ̀rí tì í. Ìtutù: ẹnu pa dé, eyín kò hàn, ìpénpéjú wálẹ̀, apá wà lẹ́bàá ara. Ìfarabalẹ̀ ń hàn nínú fífín tí kò yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àní ní ẹ̀yìn ère níbi tí ojú kì í sábà dé. Ojú-ọnà (ojú tó mọ iṣẹ́ ọnà) àti ojú-inú (òye inú) jẹ́ ti ẹni tó gbẹ́ ẹ, kì í ṣe ti ère, ẹ má kọ pé "ère yìí ní ojú-ọnà".

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ kọ ọ́

Ọ̀rọ̀ bí àádọ́rin sí ọgọ́fà tó fún iṣẹ́ kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó wà, kí ẹ wá fi ọ̀rọ̀ ẹwà sí i pẹ̀lú ibi tó ti hàn. Ẹ wo àpẹẹrẹ lórí òpó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ láàárín 1910 sí 1914, tó wà ní Art Institute of Chicago báyìí. Bí wọ́n ṣe sábà ń kọ ọ́ nìyí: "Òpó tó rẹwà púpọ̀, tó fi àṣà wa hàn." Bí ó ṣe yẹ kó rí nìyí:

"Òpó onígi aláwọ̀, gíga rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 152. Ọba jókòó níwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Ayaba àgbà dúró gbagidi lẹ́yìn àga rẹ̀, ó sì ga jù ú lọ. Adé ọba ṣe ṣóńṣó, ẹyẹ bà lé orí rẹ̀. Àwọn èèyàn kéékèèké wà nísàlẹ̀, ìwọ̀n wọn sì ń sọ ipò wọn. Agbẹ́gilére fi àlàfo sáàárín àwọn èèyàn rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì hàn ketekete. Ojú àwọn méjèèjì tutù, ẹnu wọn pa dé."

Ẹ kà á fún ẹnì kan tí kò rí iṣẹ́ náà rí, kí ẹ ní kó ya ohun tó gbọ́. Kó má yà á dáadáa kò ṣe nǹkan. Ibi tó bá ti fi ayaba síwájú ọba tàbí tó gbàgbé ẹyẹ, ibẹ̀ ni gbólóhùn yín ti ṣe bàìbàì.

Tó bá jẹ́ àdìrẹ ńkọ́?

Ìlànà náà kò yí, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló yàtọ̀. Ẹ kọ́kọ́ mọ irú rẹ̀. Oníko ni èyí tí wọ́n fi ìko dì, alábẹ́rẹ́ ni èyí tí wọ́n rán, ẹlẹ́kọ sì ni èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ láfún ya àwòrán sí lára, yálà pẹ̀lú ìyẹ́ adìyẹ tàbí pẹ̀lú páànù tí wọ́n gé. Etí àwòrán ẹlẹ́kọ yẹ kó hàn kedere. Ti oníko máa ń yọ́ wọnú aró, ó yẹ bẹ́ẹ̀, ẹ má pè é ní bàìbàì. Ìlà aró tín-ín-rín bí iṣan tó gba àárín funfun ẹlẹ́kọ kọjá wá láti ibi tí ẹ̀kọ ti sán kí wọ́n tó rẹ aṣọ sínú aró. Àwọn kan kà á sí àbùkù, a kò kà á sí bẹ́ẹ̀ àyàfi tó bá bo àwòrán mọ́lẹ̀.

Ìró àtijọ́ sábà máa ń jẹ́ abala méjì tí wọ́n rán pọ̀. Ẹ wo ojú rírán náà: ṣé àwòrán abala méjèèjì ṣe rẹ́gí? Lórí Ìbàdàndùn, irú àwòrán àdìrẹ kan, níbi tí òpó gbọ̀ngàn Mápó ti ń tò pẹ̀lú síbí láàárín wọn, ẹ ka iye òpó lápá méjèèjì, kí ẹ wò bóyá wọ́n dọ́gba. Ẹ yí ẹ̀yìn aṣọ wò pẹ̀lú. Ojú kan ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ sí, nítorí náà ẹ̀yìn ẹlẹ́kọ kì í mọ́ tó iwájú.

Fún aró, ẹ ya "ó ti ṣí" sọ́tọ̀ kúrò lára "aró rẹ̀ kò mu". Aṣọ tó ti ṣí yóò ṣì dúdú nínú ìṣẹ́po àti lábẹ́ ojú rírán, níbi tí oòrùn àti ìfọṣọ kò dé. Èyí tí aró kò mu, àyìnrìn ni látòkè délẹ̀, dé inú ìṣẹ́po, torí pé wọn ò rẹ ẹ́ nígbà tó tó.